Ta Ni Àǹtí Jàmílàt Ṣẹ̀?

"Jàmílàt ló fọwọ́ ara ẹ̀ fa ikú ẹ̀! Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Oyèdélé nínú ilé yìí mọ́!"

Bàbá mi ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ báyìí. Àbúrò ẹ̀, ọmọ ìyá ẹ̀, ni Àǹtí Jàmílàt tó ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀. Ọ̀la la máa ṣe fìdáù ẹ̀.

Àǹtí Jàmílàt ló ń tọ́jú ewúrẹ́ ní ibùdó ìwádìí kan lọ́nà Nike Lake, ní Enugu níbí. Àjẹsára tuntun ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi DNA ṣe. Tí wọ́n bá ti gún ewúrẹ́ nítan tán, wọ́n á fi ẹ̀rọ ta iná mànàmáná díẹ̀ sójú ibẹ̀, wéré báyìí, kí oògùn lè ráyè wọnú ara. Mo ní ṣé kì í dùn wọ́n ni. Àǹtí ní ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń kanlẹ̀kùn: "Tí o ò bá kanlẹ̀kùn, ta ló máa ṣí i fún ẹ?" Ó sì máa ń bẹ̀ wọ́n. "Màmá, ẹ má bínú, ó ti tán." Ewúrẹ́ ló ń pè ní màmá o.

Òun náà ńkọ́? Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú ẹ̀. Ó sọ fún Ọ̀gá Oyèdélé, olórí ibùdó náà, pé waya ẹ̀rọ yẹn ti bó, pé iná ti ń gbé òun. Ọ̀gá ní kó ṣáà rọra máa lò ó, àlejò ń bọ̀ wá wo ewúrẹ́. Bàbá mi, dírẹ́bà ọ̀gá, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó gbọ́. Èmi náà gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, níṣojú àwọn àlejò, iná gbé Àǹtí, kò sì fi í sílẹ̀.

Ara ewúrẹ́ yá o. Wọ́n ti ya wọ́n ní fọ́tò dáadáa.

Nígbà tí wọ́n wá wádìí, bàbá mi ló ní wọ́n ti kìlọ̀ fún Àǹtí, kò gbọ́ràn. Ohun tí mo bi í nípa ẹ̀ nìyẹn tó fi pariwo. Lẹ́yìn náà ohùn ẹ̀ wálẹ̀: "Ṣé ìwọ lo máa bá mi wá iṣẹ́ mìíràn ní Enugu yìí?" Mo fẹ́ràn bàbá mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa nílé wa ní Uwani ló ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run forí jìn ín. Kí ló ṣe? Pé ó sọ̀rọ̀, ẹnì kankan ò ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí?

Lọ́la, tí àwọn ààfáà bá parí, bàbá mi á dìde bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, á ní ẹni tí Jàmílàt bá ṣẹ̀, kó forí jìn ín. Ọ̀gá Oyèdélé náà ń bọ̀, iwájú ni wọ́n máa fi í sí. Ìgbà yẹn ni màá dìde. Màá bi wọ́n lójú gbogbo jámáà: àwọn tó ṣẹ Jàmílàt ńkọ́? Ta ló ní kó lo ẹ̀rọ tí iná ẹ̀ ń gbé e? Màá ní kí bàbá mi sọ ohun tó gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Tí kò bá sọ ọ́, màá sọ ọ́.

Rẹ̀mí, àbúrò mi, ní kí ni mò ń kọ. Mo ní asáínmẹ́ǹtì ni.