Agogo Tí Wọn Ò Lù fún Ọmọ Ọjọ́ Mẹ́fà

Nígbà tí wọ́n ṣì ń la títì káàkiri Abuja, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà ní Bwari tí wọ́n fi òkúta orí òkè ibẹ̀ kọ́. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Bí oòrùn àárọ̀ bá gba inú gíláàsì pupa ojú fèrèsé wọlé, ilẹ̀ á dà bí ibi tí epo pupa dà sí. Èmi ni mo máa ń gbá a ní Sátidé tó bá kàn mí.

Àkọ́bí tí ọmọbìnrin mi bí kú ní ọjọ́ kẹfà tó dáyé, ó ku ọjọ́ méjì ká sọ ọ́ lórúkọ. Katikíìsì, tó ń darí ìsìn nígbà tí àlùfáà ò bá sí, wá kí wa. Ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí. Kí wọ́n foríjì mí. Omi ọyàn ń rin bùbá ọmọ mi gbingbin bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Mo ní ṣé wọ́n máa lu agogo fún ọmọ náà bíi ti òkú yòókù. Ó ní kò ṣèrìbọmi, kò sì lórúkọ. Ta ni kí òun pè kí òun tó fa okùn?

Inú bí mi. Mi ò pariwo. Mi ò kì í pariwo.

Nígbà tí Sátidé mi pé, ọmọ mi tẹ̀lé mi. Mo gbálẹ̀ tán, mo jókòó níwájú pẹpẹ. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bó bá wà níbẹ̀, kó gbọ́: láti ìgbà ọ̀dọ́ ni mo ti ń gbá ilé rẹ̀, kò sì lè fún wa ní ọjọ́ méjì. Mo dúró. Ẹyẹ nìkan ló ń rìn lórí páànù.

Mo dìde, mo di okùn agogo mú. Ibẹ̀ ni katikíìsì bá mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àlùfáà á bi mí.”

“Ẹ ní kó wá bi mí. Ẹ̀yin ẹ kàn sọ pé mo ń gbálẹ̀.”

Ó tún ní ta ni mo fẹ́ lù ú fún. Ọmọ mi, tí kò tíì la ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin ọmọ náà, dìde, ó pe orúkọ tó ti fi sọ́kàn fún un. Èmi pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Katikíìsì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹfà.

Mo ṣì ń bínú sí Ọlọ́run bí a ṣe ń lọ sílé. Ọmọ mi béèrè ohun tí a máa sè.