Ohùn Ọládàpọ̀ Nínú Kẹ̀kẹ́

Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, Àbẹ̀ní á da ìborùn rẹ̀ bo èjìká, á jáde nínú Ìbà Housing Estate, á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìyànà Ìbà. Kò ní nǹkan tó fẹ́ rà níbẹ̀. Tó bá débẹ̀, á sọ̀, á wọ òmíràn padà. Àwọn ará àdúgbò ní ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú. Irọ́ ni. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló ń wá lọ.

Ọládàpọ̀ lọmọ náà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló pa á lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó wà láyé, ó ra sáìtì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ayé ti ń dáńlóòdù orin àti fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́. Orin tó bá jáde láàárọ̀, á ti débẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Àwọn tó ń rọ orin sínú mẹ́mọ́rì kádì ní Òkòkòmaikò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á sì rà á lọ́wọ́ wọn. Kí orin kankan tó bẹ̀rẹ̀, ohùn Ọládàpọ̀ á kọ́kọ́ ké: "Dàpọ̀ ọmọ Àbẹ̀ní ló gbé e dé o!"

Nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ló ti gba ohùn yẹn sílẹ̀. Bó ṣe ń ké e lọ́wọ́ ni ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ Àbẹ̀ní, gbàǹgà! Àbẹ̀ní ní kó tún un ṣe. Dàpọ̀ kàn ń rẹ́rìn-ín ni. "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn." Bí ọmọrí ìkòkò Àbẹ̀ní ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ káàkiri ayé nìyẹn. Tó bá ti gbọ́ ọ nínú kẹ̀kẹ́, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ọ̀nà Ìyànà Ìbà á di omi, kẹ̀kẹ́ á di ọkọ̀ ojú omi, òun àti ọmọ rẹ̀ á jọ jókòó sínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni sáìtì náà dùn mọ́ o. Obìnrin kan tó ń ṣe fíìmù, Ràṣídátù, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà kan. "Màmá, ilẹ̀ bàbá mi ni mo tà tí mo fi ṣe fíìmù yẹn. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan ní sinimá, ọmọ yín ti pín in fáyé." Àbẹ̀ní ní kó jókòó. Ó bu omi fún un. Obìnrin náà mu omi, ó sunkún, ó lọ. Dàpọ̀ ní tóun ò bá gbé e, ẹlòmíràn á gbé e. Ife tí obìnrin yẹn fi mu omi, ìyá rẹ̀ gbé e sókè pátápátá nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò fi mu nǹkan mọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Hussein dé, ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Òkòkòmaikò. Àbẹ̀ní àti Munirat, tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Màmá, mo ti ra sáìtì Dàpọ̀," ló wí.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Ìṣẹ́gun ọ̀rẹ́ ẹ̀."

Munirat pàtẹ́wọ́. "Ìṣẹ́gun tó sunkún ju gbogbo wa lọ nídìí sàréè? Ta ló gbé e fún un?"

"Ó ní Dàpọ̀ ló gbé e lé òun lọ́wọ́."

"Dàpọ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́, ọwọ́ ta ló ti rà á?"

Hussein họ orí. "Ẹnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Kò sẹ́ni tó rí ojú ẹ̀ rí."

Munirat bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí! Brọ̀dá, afẹ́fẹ́ lẹ rà."

Ohun tí Hussein wá fún ò ju kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà lọ, tó máa wọlé sórí fóònù Dàpọ̀ láti fi hàn pé ẹni tó ni sáìtì gbà. Tí wọ́n bá ti kà á fún un, sáìtì ti di tirẹ̀. Dàpọ̀ ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi ra síìmù, orúkọ yẹn náà ló sì fi sílẹ̀ fún sáìtì. Lójú ìwé, Àbẹ̀ní tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i ló ni ín.

Fóònù yẹn ò kúrò lára rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń ṣájì rẹ̀. Hussein tẹ nǹkan lórí tirẹ̀, ti Dàpọ̀ sì tàn nínú ìṣẹ́po ìró Àbẹ̀ní. Ó fà á yọ. Nọ́ńbà náà dé.

"Ohùn ẹ̀ ńkọ́?" ló bi Hussein.

Hussein wolẹ̀. "Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Tèmi la máa fi sí i."

"Tí mi ò bá kà á ńkọ́?"

"Owó tí Dàpọ̀ san kí sáìtì náà máa wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì á tán lóṣù tó ń bọ̀. Gbogbo ẹ̀ á kú pọ̀, àti ohùn náà."

Àbẹ̀ní tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà títí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀ bí ẹja wẹ́wẹ́. Ife inú kọ́bọ́ọ̀dù sọ sí i lọ́kàn.

"Ọmọ mi," ó ní, "o rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín. Ọmọ tèmi náà rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò rí. Àwọn tó ni ohun inú ẹ̀ ṣì ń sunkún. Ohùn yẹn nìkan ni tiwa níbẹ̀. Jẹ́ kó kú."

"Màmá, owó mi!"

"Ẹ lọ bá Ìṣẹ́gun," ni Munirat wí.

"Ó ti pa fóònù ẹ̀ látàná."

Munirat ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àbẹ̀ní pa fóònù Dàpọ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó gbé ife yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó bu omi fún Hussein. Ó mu ún tán kó tó lọ.

Sáìtì náà kú lóṣù tó tẹ̀ lé e lóòótọ́. Àbẹ̀ní ò yéé wọ kẹ̀kẹ́. Ohùn náà ń ṣọ̀wọ́n báyìí, kádì ń bàjẹ́, orin tuntun ń dé. Ó lè wọ kẹ̀kẹ́ mẹ́ta lóòjọ́ kó má gbọ́ nǹkan kan. Lánàá ló wọ ọ̀kan tí spíkà rẹ̀ ti ya. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yí orin padà, gbàǹgà! "...ọmọ Àbẹ̀ní ló gbé e dé o!"

Omi gba gbogbo ọ̀nà.

"Mọ́mì, a ti dé Ìyànà Ìbà o. Ẹ ò ní sọ̀ ni?"

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ń lọ síbì kan?" ni Àbẹ̀ní wí. "Tún orin yẹn bẹ̀rẹ̀, jàre."