Ìlà Pupa Tó Ń Rìn Lára Ògiri

Òórùn bísíkíìtì tó ń jinná ló máa ń kí mi káàárọ̀ láyé ìgbà yẹn. Bí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá ti ń wọ Ìlúpéjú báyìí, òórùn bọ́tà àti ṣúgà á gba ojú fèrèsé wọlé, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹni tó jẹun yó kúrò nílé. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí bárékè ni, ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kálukú sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún ayé ṣe. Bí èèyàn bá tan rédíò, àwọn mínísítà ló ń ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ náà ran Alága wa, ìyẹn ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun ò ka ìwé jáńtírẹrẹ mọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ, kó wá fi han òun lára ògiri.

Èmi ni akọ̀wé mánéjà tó ń bójú tó iṣẹ́ inú ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọ Èkìtì ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo sì gbà pé ìwé tí mo kà ti tó láti fi tún Nàìjíríà ṣe láàárín oṣù mẹ́fà. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa ka iye páálí bísíkíìtì tí wọ́n bá dì lójúmọ́, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé alápòótí inú kọ̀ǹpútà tó máa ń báni ṣírò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ ó rò pé ọkọ̀ òfúrufú ni mò ń wà. Mo ní aṣọ kan tí mo fi ń bò ó nírọ̀lẹ́, ó sì dára ju èyí tí èmi fúnra mi fi ń bora lọ.

Obìnrin mọ́kànlá ló ń di bísíkíìtì náà sínú páálí, kásúà sì ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti ṣe kásúà rí á mọ ohun tí mò ń wí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń tò sẹ́nu géètì kí ẹ̀ṣọ́ tó nàka sí wọn pé kí wọ́n wọlé. Bí ara ọmọ wọn ò bá yá tí wọn ò lè wá lónìí, ẹlòmíràn lè ti gba àyè wọn kó tó dọ̀la. Olórí wọn ni ìyá kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Pákíìnì. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń tò sẹ́nu géètì yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ó lè máa dì, kó máa bá èèyàn jà, kó sì tún mọ̀ pé bísíkíìtì kan ló dín nínú ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ ẹni kejì.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, Alága fúnra rẹ̀ wọ họ́ọ̀lù wọn. Ó ní bí wọ́n bá lè máa di ju irínwó páálí lọ lójúmọ́, tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ó kéré tán nínú ọ̀sẹ̀ méjìlá, òun á fún gbogbo wọn níwèé, wọ́n á di òṣìṣẹ́ gidi, wọn ò ní í tò sẹ́nu géètì mọ́. Àwọn obìnrin náà pariwo, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjìlá pé, mo wo inú ìwé mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi kọjá irínwó. Ó kù kí ẹnìkan kàn lọ sọ fún Alága, èmi sì ni ẹni náà.

Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan pé mẹ́wàá nínú méjìlá, ǹ bá sì lọ jókòó. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ya ṣáàtì kan, òpó méjìlá tó dúró ti ara wọn, òpó kan fún iye páálí tí wọ́n ń dì lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì fa ìlà pupa kọjá lára wọn níbi irínwó. Mo wò ó, kò wú mi lórí. Lọ́jọ́ kan tí mánéjà rán mi lọ ra yíǹkì ìtẹ̀wé ní Computer Village n'Íkẹjà, mo rí ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan, tó ń fi ṣáàtì dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lára yá. Ìlà orí ṣáàtì tirẹ̀ ń rìn! Bó bá fa bọ́tìnì kékeré kan sókè, ìlà á gòkè. Bó bá fà á wálẹ̀, ìlà á sọ̀kalẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí yíǹkì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi," ni mo wí.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Sísítà, kò le rárá. Ṣáàtì ẹ̀yin ará ọ́fíìsì máa ń dúró gbagidi bí ẹni tí tíṣà fìyà jẹ. Tiyín á máa rìn ni."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán sá lọ bá a, ọ̀rá bísíkíìtì tó ti fọ́ ni mo sì ń kó lọ fún un. Ọgbọ́n ibẹ̀ kò pọ̀. Mo kọ irínwó sínú àpótí kan ṣoṣo, mo wá sọ fún àpótí méjìlá mìíràn pé iye tí wọ́n bá bá nínú àpótí yẹn ni kí àwọn náà máa pè. Àwọn méjìlá yìí ló para pọ̀ di ìlà. Lẹ́yìn náà mo gbé bọ́tìnì fífà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàtì, mo so ó mọ́ àpótí àkọ́kọ́. Mo tún fi tèmi kún un: òpó tó bá ga ju ìlà lọ á ní àwọ̀ ewé, èyí tí kò bá tó o á pọ́n. Mo ṣàlàyé fún mánéjà pé ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á sì dúró níbi irínwó, kí ojú àwọn ọ̀gá lè bá a lọ síbi tó yẹ kí wọ́n wò. Mánéjà mi, onígbàgbọ́ jẹ́jẹ́ tí kì í bínú, ní kí n ṣe é kóun rí i. Mo ṣe é. Ó ní, "Haa! Ọlọ́run tóbi." Ó ní kí n tún un ṣe, mo sì tún un ṣe tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kò sí èyí tó bi ara rẹ̀ léèrè nínú àwa méjèèjì pé ohun tó lè gòkè dé irínwó, kí ni yóò dá a dúró níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mánéjà yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, èmi náà sì yá kóòtù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kóòtù yẹn fún mi lápá débi pé mi ò lè káwọ́ sókè, ṣùgbọ́n mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni kóòtù àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń rí. Alága ti ní kí ẹnìkan wá ṣojú àwọn obìnrin náà, nítorí náà Màmá Pákíìnì jókòó sí etí àga kan lẹ́nu ọ̀nà, ó wé gèlè, ó ká ọwọ́ lé itan. Mo bẹ̀rẹ̀. Ìlà pupa gbéra nísàlẹ̀, ó rọra ń gòkè, ó dúró ní irínwó. Òpó mẹ́wàá ní àwọ̀ ewé, méjì péré ló pọ́n. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pa kọ̀ǹpútà náà.

Alága dìde, ó wá dúró tì mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ nírú eléyìí? Jẹ́ kí n dán an wò."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Nílé wa, ọmọdé kì í wà lórí ìjókòó kí àgbà wà lórí ìdúró. Bí àgbà bá sì nawọ́ sí nǹkan, ọmọdé kì í fà á sẹ́yìn, kì í fọwọ́ kan gbé e fún un, kì í sì í dúró gbé e fún un. Nítorí náà mo dìde lórí àga fún Alága, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé máòsì, okùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó, mo sì kúnlẹ̀ gbọnrangandan. "Ẹ gbà, sà." Mo gbọ́ tí ọ̀gá kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́." Orí mi wú. Inú mi dùn ju ti ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ lọ.

Alága fa ìlà gòkè díẹ̀, ó kọjá irínwó. Òpó mẹ́ta pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ wò ó, ó ń pọ́n!" ló wí, bí ọmọ tí wọ́n ra ohun ìṣeré fún. Ó tún fà á. Òpó mìíràn tún pọ́n. Nígbà tó fi dúró, méjì péré ló kù tó ní àwọ̀ ewé, ògiri ti pọ́n láti ìkángun kan dé èkejì. Ó bojú wo mánéjà mi. "Ṣé pé ọ̀sẹ̀ méjì péré làwọn èèyàn yìí fi ṣiṣẹ́ gidi?" Mánéjà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," torí pé ohun tí ojú gbogbo wa ń rí nìyẹn. Ọ̀gá kan ní ó dà bíi pé kí ọ̀rọ̀ ìwé àwọn obìnrin náà dúró di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Alága mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn burúkú kọ́; ògiri ló gbà gbọ́. Èmi tí mo mọ ibi tó yẹ kí ìlà náà dúró sí, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Màmá Pákíìnì dìde lẹ́nu ọ̀nà.

"Alága, ẹ má bínú o, mi ò mọ̀wé. Ìlà yẹn, ṣé ibẹ̀ náà ló wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá bá wa ní họ́ọ̀lù?"

Alága rẹ́rìn-ín. "Màmá, ìlà lásán nìyẹn. Ẹ ò rí i pé ó ń rìn ni?"

"Mo rí i, sà. Òun nìkan ló ń rìn. Bísíkíìtì tá a ti dì ò rìn padà sínú ẹ̀rọ. Ẹyin lohùn, Alága."

Kò parí òwe náà. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó máa ń ṣe ẹyin bó bá bọ́ sílẹ̀. Alága yíjú sí mi. "Níbo lo gbé ìlà yìí sí tẹ́lẹ̀?"

Mo wo mánéjà mi, òkè àjà lòun ń wò, bí ẹni tó ń retí Jésù. "Irínwó ni, sà."

"Ta ló ní irínwó?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún wọn."

Alága di máòsì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà wálẹ̀. Àwọn òpó ń padà sí àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n máòsì yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìlà já lọ sí nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún, gbogbo òpó méjèèjìlá sì di aláwọ̀ ewé.

"Ẹ dúró o, sà," Màmá Pákíìnì wí, "ẹ má fi jàrà sí i fún wa. Irínwó lẹ ní."

Bí Alága ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn, gbogbo yàrá bá a rín in. Ó wá fa ìlà náà gòkè títí ó fi dúró ní irínwó, ó ní kí wọ́n tẹ ìwé mọ́kànlá kóun tó kúrò lọ́fíìsì. "Ṣùgbọ́n mi ò ní í dárúkọ nọ́ńbà lójú Màmá yìí mọ́ láyé mi," ló wí.

Èmi ni mo tẹ àwọn ìwé náà, èmi náà ni mo sì kó wọn lọ sí họ́ọ̀lù. Màmá Pákíìnì ní kí n ka tirẹ̀ fóun lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí n fi orúkọ òun han òun, ó fi ìka lé e, kò sì tètè gbé ìka náà kúrò. Nígbà tí àwọn yòókù ń jó, ó fà mí sí kọ̀rọ̀ kan. Mo tún kóòtù mi ṣe, mo múra láti gba ọpẹ́.

"Ọmọ mi," ló wí, "o kúnlẹ̀ dáadáa lónìí. Àwọn òbí ẹ kọ́ ẹ. Àmọ́ bó o ṣe kúnlẹ̀ tó ò ń nawọ́ méjèèjì yẹn, ṣé o mọ̀ pé nǹkan tiwa ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fún mi ní bísíkíìtì kan tó ṣì gbóná, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀. Mi ò lè jẹ ẹ́ títí ó fi tutù.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ìlúpéjú. Èmi náà ti di ẹni tí àwọn ọmọ ọ́fíìsì ń dìde lórí àga fún. Wọ́n máa ń bẹ̀ mí pé kí n kọ́ àwọn ní bí ìlà ṣe ń rìn lórí ṣáàtì, mo sì máa ń kọ́ wọn, torí pé ohun tó dára ni, ó máa ń mú ojú èèyàn lọ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn pé bí ìlà bá ti dé ibi tí àdéhùn wà, kí wọ́n yọ bọ́tìnì yẹn kúrò, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Mo ti ṣe ọ̀pọ̀ àṣìṣe nídìí iṣẹ́ láti ìgbà náà wá, àwọn kan tiẹ̀ tóbi ju èyí lọ, ṣùgbọ́n òun ló ṣì ń tì mí lójú jù, torí pé ní gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe é, wọ́n ń yìn mí ni. Mo ṣì máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan oníǹkan bá wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ná.