Owó Wébìlì Tí Kò Gbọ́ Pé Epo Ti Wọ́n

Ẹgbẹ̀rin náírà ni mo ra páálí ṣọ́ọ̀kì kan ní Mushin, mo sì ná an títí tí ẹni tó ń tà á fi bi mí bóyá ilé ìwé ni mo fẹ́ dá sílẹ̀. Ilé ìwé kẹ̀? Èmi tí mo sá fún tíṣà kí n tó ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán? Pátákó dúdú kan ni mo gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdí-Àràbà, níbi tí mo ti ń ta sikirọ́ọ̀bù, aṣọ tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Ara rẹ̀ ni mo ń kọ iye ọjà sí. Bí ọjà bá gbówó lórí, màá fi àkísà nù ún, màá kọ òmíràn. Kò pẹ́ tó kí èèyàn sín.

Ọ̀làjú wá dé. Àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ ń bi mí pé ṣé mi ò ní ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù ni. Ni mo bá gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin kan tó yá yàrá gbé ní Yaba. Ó kàwé, ó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, irùngbọ̀n rẹ̀ sì kún ju ti bàbá tó bí mi lọ. Kọfí tútù tó ń mu nínú ike lówó lórí ju oúnjẹ ọ̀sán mi lọ. Onírùngbọ̀n ni mo ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Mi ò ní parọ́, ìkànnì tó kọ́ fún mi rẹwà. Aṣọ tí mi ò lè fi ta ọ̀tá mi lọ́rẹ, tó bá dé inú àwòrán báyìí, á dà bí èyí tó wọ ọkọ̀ òfuurufú dé.

Gáréèjì Jíbówú ni mo ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí àwọn ará òkè. Ìgbà tí ìkànnì náà bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjì ni owó wébìlì àpò kan. Epo wọ́n, àwọn awakọ̀ náà rí àwáwí, wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àtààbọ̀. Mo nu ti ara pátákó lójú ẹsẹ̀. Mo wá pe Onírùngbọ̀n pé kó nu tiẹ̀ náà.

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. Inú enfáyíránmẹ́ǹtì ni mo fi í sí."

"Enfáyíránmẹ́ǹtì? Ṣé àwọn wolé-wolé ń bọ̀ ni? Mi ò tíì kó gọ́tà mi o."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí àwọn alákọ̀wé ń fi ṣàánú àwa yòókù. Ó ní òun ò kọ iye náà sára ìkànnì rárá, ibì kan lọ́tọ̀ ni òun tọ́jú rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ìkànnì ti ń mú un. Bí òun bá ti yí i níbẹ̀, ó parí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní òun ti yí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì gbálẹ̀ tán tí fóònù mi fi dún. Nọ́ọ̀sì kan ní Àkúrẹ́ ti ra aṣọ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, àpò méje, ó sì ti sanwó. Mo jó díẹ̀. Mo wá wo owó wébìlì. Ẹgbẹ̀rún méjì-méjì! Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lobìnrin náà san fún ohun tí Jíbówú máa gba ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n àtààbọ̀ lọ́wọ́ mi.

Onírùngbọ̀n sáré dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lábíyá. Ó ṣí i, ó sì nawọ́ sí i: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àtààbọ̀. Mo na fóònù mi sí i: ẹgbẹ̀rún méjì.

"Àǹtí, lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Ó dáa. Kọ̀ǹpútà rẹ ni yóò ru ẹrù lọ sí Àkúrẹ́ nìyẹn. Jẹ́ kí n wá òṣùká fún un."

Ó jókòó, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Àṣé ọjọ́ tó kọ́ ọ nìkan ni ìkànnì náà lọ mú iye yẹn. Ó gbé e mì, kò sì padà lọ béèrè mọ́. Ti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kọ́ lánàá ni, ìyẹn ló ṣe gbé iye tuntun mì. Èyí tí àwọn oníbàárà ń wọ̀, ẹnikẹ́ni ò tún un kọ́.

"Ó yẹ kí n ṣe é kó máa lọ béèrè nígbàkígbà tí èèyàn bá wọlé," ó ń ráhùn.

"Ó yẹ! O gbé owó oúnjẹ sórí tábìlì, o wá ti ìyàwó mọ́ ìta. Ìwé mélòó lo kà kó o tó mọ èyí ṣe?"

Ó ní kí n dá owó obìnrin náà padà, tàbí kí n pè é kó fi kún un. Ìyá oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Ajé àárọ̀ kẹ̀? Ta ló bí eléyìí?" Ní ìlà ṣọ́ọ̀bù tiwa, owó ẹni tó kọ́kọ́ rajà láàárọ̀, a kì í dá a padà, a kì í sì í ní kó fi kún un. Ẹni tó bá dán an wò, eṣinṣin ni yóò máa lé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Àǹtí, ìgbàgbọ́ asán nìyẹn."

"Èwo ló wá jẹ́ asán jù, ìgbàgbọ́ mi ni àbí ìkànnì rẹ? Ìyàtọ̀ owó yẹn, inú owó iṣẹ́ rẹ tó kù lọ́wọ́ mi ni màá ti yọ ọ́."

Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Àǹtí, èmi ni mo ṣe é tì lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní dá owó padà. Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì."

Mo wò ó. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ bí ọmọ èèyàn nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà. Ó jókòó sórí àpótí oníbàárà, ó tún ìkànnì náà ṣe kó máa béèrè, ó sì fi ibi tí èmi fúnra mi á ti máa yí iye hàn mí lórí fóònù. Mo yí i, ó yí lójú mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yá tó àkísà.

Mo kó àpò méje lọ sí Jíbówú. Awakọ̀ gba owó rẹ̀ láìwojú mi. Nígbà tí mo yọ ìdajì ti Onírùngbọ̀n kúrò, èyí tí èmi fi ṣòfò lórí ọ̀làjú jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti àádọ́ta náírà.