Ẹ̀yìn Ìyẹ́ Kékeré

Ìyàwó ilé wa àgbà ló kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú páálí gígùn náà. A ti fẹ́ wọn wọ ilé wa ní Àrẹ̀mọ kí a tó bí mi, nítorí náà ọkọ ni wọ́n ń pè mí di òní. Wọ́n fi ọ̀pá kan páálí náà.

“Ọkọ mi, ilẹ̀kùn lo rà ni àbí pákó ìfọṣọ?”

Mo ní pákó tí wọ́n fi ń gun omi ni. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kò tíì tán láyé, kí ni èèyàn fẹ́ fi pákó ṣe?

Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, a sin ín lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe là á kalẹ̀, orí fóònù ló sì ti ṣe àmín sí àdúrà. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kò ju “ẹ káàárọ̀ sà” àti “ṣé iṣẹ́ ń lọ” lọ. Àfìgbà tó pè lọ́jọ́ kan pé òun ti ra pákó mìíràn, òun ń fi ti àtijọ́ ránṣẹ́ sílé. Kí n tò ó, kí n gbé e lọ sí adágún Ẹlẹ́yẹlé, kí n wò ó bóyá ó ń gbéra.

Ó ní, “Tó bá ti ń gbéra, Dádì, èmi náà á wá lò ó tí ọyẹ́ bá dé.”

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, “èmi náà á wá” nìkan ni mo gbọ́.

Pákó yìí kì í léfòó lásán. Òpó irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ga dé ìbàdí mi, ìyẹ́ méjì sì wà nísàlẹ̀ òpó náà, ńlá níwájú, kékeré lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń fà á, ìyẹ́ ńlá a gbé pákó àti ẹni tó wà lórí rẹ̀ kúrò lójú omi, ìyẹ́ kékeré a sì máa mú un dúró déédéé. Bí wọn kò bá tò ó dáadáa, imú ni yóò fi wọlẹ̀.

Ọmọ mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ohun tó tẹ̀ ránṣẹ́ nípa títò rẹ̀ ni: “Eyin iye kekere ni ko wa loke.” Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe, èyí kò lè dà mí láàmú. Mo yọ ẹyin adìẹ kúrò, mo yọ eyín ẹnu kúrò, ó ku ẹ̀yìn. Ìyẹ́ kékeré náà sì ní inú, ó ní ẹ̀yìn, bí igbá: ojú kan tẹ́jú, ìkejì tẹ̀ kọdọrọ. Mo dojú rẹ̀ dé, mo jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè, mo sì di bóòtù rẹ̀ le. Ike pẹlẹbẹ kan ṣẹ́kù nínú ọ̀rá, ó nípọn létí kan, ó fẹ́lẹ́ létí kejì. Mo rò pé wọ́n fi há a kó má baà máa mì lójú ọ̀nà ni. Mo jù ú sínú àpótí irinṣẹ́.

Onítakisí kan ní Bẹẹrẹ bá mi so ó mọ́ orí Míkírà rẹ̀. Ẹnì kan lójú ọ̀nà béèrè bóyá bàálù ni mo rà tí mò ń kó sílé díẹ̀díẹ̀. Ní Ẹlẹ́yẹlé, mo bá apẹja kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, ó gbà láti fi okùn fà mí. Ó wo irùngbọ̀n mi, ó wo ẹ̀wù agbẹ́mìílà tí mo wọ̀.

“Bàbá, tí wọ́n bá wá yín wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wọ omi o.”

Mo kúnlẹ̀ sórí pákó. Bí ọkọ̀ ti ń yára sí i ni imú pákó ń wọlẹ̀ sí i, títí mo fi lọ sísàlẹ̀, tí mo mu omi. Mo tú òpó, mo sún un síwájú. Mo tún mu omi. Mo sún ara mi sẹ́yìn pákó, kò yí nǹkan kan padà. Apẹja náà pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, “Nǹkan yìí kì í ṣe òkè ló ń wá. Ìsàlẹ̀ ló ń wá.”

Bí mo ti délé ni mo pe ọmọ mi, mo sì fi ojú fóònù hàn án bí mo ṣe to ìyẹ́ náà. Mo rí i tó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

“Dádì, ibi tó gbẹ̀yìn ni mo ní. Ibi tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yìn ìjàpá.”

Ó ṣàlàyé pé ojú tó tẹ́jú ló yẹ kó kọjú sókè. Ike tí mo jù sínú àpótí ló yẹ kí n há sábẹ́ etí rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kí ibẹ̀ lè ga díẹ̀ ju iwájú lọ. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní èmi ni mo ní dandan, Yorùbá ni kó máa kọ sí mi. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé mo fara ti ògiri.

Ó ní, “Ká ní Màmá wà níbẹ̀…”

Ẹ̀rín náà dá. Ohùn tó sọ kalẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́yìn náà.

“Dádì, tọyẹ́ yìí kò ní ṣeé ṣe.”

Ó ní ibi iṣẹ́ òun ti yí padà, wọn kò fún òun láyè. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa wá ṣeé ṣe. Irú ìbéèrè yẹn ni mo ti ń bi àwọn aláṣẹ láti ìgbà èwe mi. Wọ́n máa ń dá ọjọ́ fún mi, ọjọ́ náà kì í sì í pé. Ọmọ mi kò dá ọjọ́ kankan. Ó ní òun kò fẹ́ purọ́ fún mi. Mo ní ó ṣeun, mo sì mọ̀ pé ì bá dùn mọ́ mi ká ní ó purọ́.

Mo padà sí Ẹlẹ́yẹlé síbẹ̀síbẹ̀. Mo ti yí ìyẹ́ kékeré padà, mo ti há ike sábẹ́ rẹ̀, mo sì ti dá òpó padà sí àyè rẹ̀. Ọkọ̀ fà mí, omi ń pariwo lábẹ́ pákó, àfi bí ariwo náà ṣe dákẹ́ lójijì. Mo wolẹ̀, mo rí i pé omi ti jìnnà sí mi. Orí òpó nìkan ni mo wà. N kò gbọ́ nǹkan kan àyàfi ẹ́ńjìnnì lọ́hùn-ún. Mo yíjú wá ẹni tí mo lè pè kó wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo yí sí ẹ̀gbẹ́, mo já sínú omi.

Nígbà tí apẹja náà yí ọkọ̀ padà wá gbé mi, ó bi mí bóyá ó gbéra. Ó ní iwájú ni òun ń wò, kùkùté igi pọ̀ nínú omi níbẹ̀. Mo ní ó gbéra.

“Bẹ́ ẹ bá ti ní ó gbéra, Bàbá, ó ti gbéra náà nìyẹn.”

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ mi pé ó gbéra. Ó ní, “Ta ló rí yín?” Mo ní kò sẹ́ni. Ó ní kí n má tú u o, kí n jẹ́ kó wà bó ṣe wà de òun.

Bí kò ṣe ṣeé tú, kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá kankan wọlé. Mo dojú rẹ̀ dé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó àti ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúró lókè. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Àwọn ẹbí tó kù ti kó lọ kọ́lé sí Àkóbọ̀ àti Ológunẹrú, yàrá wọn wà ní títì. Ìyàwó ilé wa àgbà kì í jáde kúrò ní yàrá mọ́ nítorí orúnkún wọn. Èmi nìkan ni mò ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá, láàárọ̀ bí mo bá ń lọ kírun, àti nígbà tí mo bá ń bọ̀.