Ọta Tó Bá Ẹnu Ìbọn Bàbá Mi Mu

Òórùn àdín ni ó jí mi lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn nígbà náà, mo sì ń lọ sílé-ìwé ní Òsì, ní ọjọ́ tó bá wù mí. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àdín nu ṣakabùlà rẹ̀, ìbọn ìbílẹ̀ tí wọ́n máa ń gba ẹnu ki ẹ̀tù àti ọta sí.

Àgbọ̀nrín kan ló fà á. Ó ti sọ oko ẹ̀wà Ìyá mi lọ́nà Òkè-Ọ̀pin di ilé oúnjẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà náà la fẹ́ fi ṣàlejò àwọn àna tí ń bọ̀ láti Èrúkù wá gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níyàwó. Àgbọ̀nrín yìí ga! Bí ó bá nàró, ẹyẹ ẹ̀gà á fẹ́ kọ́lé sórí ìwo rẹ̀, wọ́n á rò pé ọ̀pẹ ni. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi Ìyá mi lọ́run.

"Bí ẹran yìí bá fi jẹ oko yìí tán," ni Ìyá ń wí, "omi tútù la ó gbé ka iwájú àna."

Ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá, ti Ìlọfà dé pẹ̀lú ìbọn onikatiriji, èyí tí wọ́n ti di ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀. Irin rẹ̀ ń dán bíi dígí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ irin ìpáǹtí yẹn nù jàre! Ìbọn òyìnbó rèé!"

Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Mo bẹ Bàbá pé kó gbà á. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹran là á kọ́kọ́ wò ká tó yan ìbọn." Ó mi katiriji kan létí, ó dún ṣàkàṣàkà bí ọkà bàbà. "Ọta wẹ́wẹ́. Ti àparò nìyí."

Ó wá da ọta sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní kí n máa jù wọ́n sẹ́nu ṣakabùlà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ̀tù kò tíì wọ inú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ já wọlé gbì, bí ẹni ṣubú sí kànga. "Ó kéré." Òmíràn dúró sẹ́nu ìbọn bí àna tí wọn ò tíì ní kó wọlé. "Ó tóbi, yóò fa ìbọn ya." Òmíràn sì rọra sọ̀ kalẹ̀, bí ìyá arúgbó tí ń lọ sódò. "Ìyẹn gan-an." Ó dà á jáde, ó ki ẹ̀tù tó há sí abíyá nítorí ìrì, ó fi àkísà dì í, ó wá ki ọta náà lé e.

A bá ẹran lóko kí oòrùn tó ràn. Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ yìnbọn. Àgbọ̀nrín gbọn etí bí ẹni lé eṣinṣin, ó tún já ewé ẹ̀wà kan sí i.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹran yìí de òǹdè, ọta ò ràn án!"

Bàbá yìn tirẹ̀. Èéfín bo oko débi pé àwọn ará Òsì ń wá aṣọ òtútù, wọ́n ní ọyẹ́ ti dé. Nígbà tó fi máa ká, ẹran ti sùn sáàárín ewé. Ẹ̀wà tó kù gbó, àwọn àna jẹ ẹ̀wà, wọ́n jẹ ẹran. Bàbá Kékeré ló jẹ ẹran jù.

Ohun tó ń dán ni mo fẹ́ lọ́jọ́ náà. Lánàá, ọmọ mi mú bàtà kan tó ń kọ mànà bọ̀ láti Ìlọrin, ó ní irú rẹ̀ làwọn ọ̀gá ń wọ̀. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ níṣojú rẹ̀, ẹsẹ̀ dúró lẹ́nu bàtà bí àna. Mo dá a padà fún un, mo wọ sálúbàtà mi àtijọ́, mo sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sóko.