Mọ́tò Tí Kò Ní Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ẹni tó bá ní àbúrò mi ọkùnrin kì í ṣe èèyàn dáadáa, kó má sọ ọ́ létí mi o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ó gbọ́n, kó fìdí mọ́lẹ̀ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí fún un.

Àga ló ń ṣe. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti kọ́kọ́ hù ní àgbọ̀n ẹ̀ ló ti ń ṣe àga, títí irùngbọ̀n náà fi funfun. Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó ń darí ìpàdé kankan. Tí o bá ní kó ṣe àga fún ẹ, kó tó béèrè irú igi tí o fẹ́, á ti fa téèpù yọ, á wọn ẹsẹ̀ ẹ láti orúnkún dé gìgísẹ̀. Ó ní àga tí kò bá bá orúnkún mu, ìyà lèèyàn fi pákó kàn. Nígbà tí orúnkún ìyàwó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, òun ló kan àga tí ìyẹn ń jókòó lé ní fàráńdà. Bí orúnkún náà bá sì ti le sí i, Alága á dojú àga dé, á fi igi kún ẹsẹ̀ ẹ̀. Àga yẹn ti ga débi pé tí èmi bá jókòó lé e, ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í sọ. Tí ìyàwó ẹ̀ bá ní ibì kan ń dun òun, igi ló máa lọ gé.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá lọ ra mọ́tò tí ìdí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Ẹ má bi mí ibi tó ti rówó. Ilẹ̀ ló tà, ilẹ̀ tiẹ̀ ni, mo sì ti bá a jà tán lórí ìyẹn. Mọ́tò eré ìje ni, ó pupa fòò. Àwọn tó ṣe é ní igba péré làwọn máa ṣe. Tí igba bá ti pé, ó parí, àwọn ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára irin pẹlẹbẹ kan níwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, pé èyí ni ìkẹtàléláàádọ́rin nínú igba. Ẹni tó bá ti yọjú sílé ni Alága á fi irin náà hàn. Mo ní èmi náà ńkọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, kò sì sẹ́ni tó kọ nọ́ńbà sí mi lára. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún fi aṣọ nu irin ẹ̀.

Mi ò ní purọ́, mọ́tò náà ní àrà. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú ara ilẹ̀kùn, tí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bá sì ti sún mọ́ ọn, á yọ jáde fúnra ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ihò kan tí kò gbà ju báàgì kan lọ ni mo rí, mo sì figbe ta pé wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì gbé. Alága fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn, ó fi ẹ́ńjìnnì hàn mí lábẹ́ gíláàsì. Ó ní ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e sí kí ìwúwo lè wà lórí àwọn táyà tó ń ti mọ́tò lọ, kó má baà yọ̀ tó bá ń sáré. Ó ní irin fẹ̀ǹfẹ̀ kan wà ní ìdí ẹ̀ tó máa ń dìde tí eré bá ti pọ̀, kí atẹ́gùn lè tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀. Gbogbo èyí tó bá ti yé e pátá, á lọ ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀ ní fàráńdà. Ìyàwó wa á ní ẹn-ẹ́n, á sì máa rán etí aṣọ àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dun Alága ni pé obìnrin náà ò lè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mọ́tò délé, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ ṣáájú ìyàwó òun. Ìyàwó wa sọ ìdí sílẹ̀, orúnkún sì há lágbedeméjì. Kò jókòó, kò dìde, ó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Èmi àti Alága àti obìnrin tó ń tajà lójúlé kejì la jọ fà á jáde. Ó gbọn aṣọ ẹ̀, ó ní orúnkún tí kò kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mọ́, ṣé mọ́tò ló wá máa kúnlẹ̀ kí? Ló bá padà sórí àga ẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Alága ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó ti ń wá téèpù.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ni, igi ló mọ̀. Òkìtì sìmẹ́ńtì kan wà lẹ́nu géètì tó ń dí omi òjò. Kí abẹ́ mọ́tò má baà ha mọ́ ọn, ó gé pákó méjì. Tó bá fẹ́ jáde, á sọ̀kalẹ̀ tẹ́ pákó, á wa mọ́tò kọjá, á tún sọ̀kalẹ̀ kó pákó. Ìwé tó bá mọ́tò wá nípọn gan-an, àmọ́ ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìjókòó nìkan ló kà, ó kà á títí etí ìwé fi ká kò. Mo ní ìyókù ńkọ́? Ó ní òun ò wá ìyókù, ìjókòó ni ìṣòro, ìjókòó sì ni iṣẹ́ òun. Ó kan àpótí kékeré tí ìyàwó ẹ̀ máa fi tẹsẹ̀ wọlé, àpótí náà kàn tún gbé obìnrin náà jìnnà sí ìjókòó sí i ni. Ó wá ṣe tìmùtìmù aláwọ pupa kan, ó fi pákó ṣe ìdí ẹ̀, ó gbé e lé ìjókòó kí ibẹ̀ lè ga. Àṣé ìjókòó mọ́tò náà máa ń mọ̀ tí nǹkan bá wà lórí òun. Bó ṣe ṣíná báyìí, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé kí ẹni tó jókòó so bẹ́líìtì. Alága ò jiyàn, ó so bẹ́líìtì fún tìmùtìmù, ó sì gbé e yí àdúgbò ká láti wò ó bóyá á yẹ̀. Kó tó padà délé, ariwo ti ta pé Alága ti fẹ́ ìyàwó kékeré, pé ó pupa, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó wa gan-an ló ń bi í bóyá ìyàwó kékeré ti jẹun.

Tìmùtìmù ò sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí Alága fúnra ẹ̀ jókòó lé e, orí ẹ̀ kan òrùlé. Ó pe àwọn tó tà á fún un, ó ní ṣé ìjókòó náà lè ga sí i. Wọ́n ní ibi tó ga dé nìyẹn. Ó bi mẹkáníìkì, ìyẹn ní kó lọ ra jíípù. Ó bi dókítà tó ń tọ́jú orúnkún, ìyẹn ní kí ìyàwó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, kò nu irin onínọ́ńbà mọ́. Ó wá sọ fún mi pé òun ti rí ẹni tó máa rà á, pé ó ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé, pé mọ́tò tí ìyàwó òun ò lè wọ̀ ò wúlò fún òun. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ pé kó tà á, kó ra mọ́tò ẹlẹ́ni márùn-ún bí àgbàlagbà. Àmọ́ nígbà tí mo wo ojú ẹ̀, inú mi ò dùn tó bí mo ṣe rò.

Mo tètè dé lọ́jọ́ Sátidé náà kó má baà yí ọkàn padà. Ó ti fọ mọ́tò tán, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn fàráńdà, ó ń wò ó. Ìyàwó wa wà lórí àga ẹ̀, ó ń ranṣọ. Mo ní kí n bá a wí lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó parí. Mo ní, "Gbogbo mọ́tò tó wà láyé yìí, kí ló dé tó jẹ́ èyí tí kò ní ìjókòó ẹ̀yìn ló wù ẹ́?"

Ó nu ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní, "Torí pé kò ní in náà ni, Àǹtí mi."

Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní látìgbà tí òun ti gbé obìnrin yìí níyàwó, mọ́tò mẹ́ta làwọn ti lò. Nínú àkọ́kọ́, ìyá wa ló ń jókòó níwájú, ìyàwó òun á wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù. Nígbà tí ìyá wa ò sí mọ́, èmi ni. Tí kì í bá ṣe èmi, á jẹ́ àna, á jẹ́ oníbàárà, á jẹ́ àkọ́bí wọn tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn. Ó ní kò sí ọjọ́ kan tí obìnrin náà jókòó níwájú, kò sì ráhùn rí. Tí òun bá ń wakọ̀ tí òun fẹ́ rí ìyàwó òun, inú dígí lòun ti máa ń wò ó. Ó wá ní, "Mo rí mọ́tò tó jẹ́ iwájú nìkan ni wọ́n ṣe sí i. Mo ní kò ní sẹ́ni tó máa lè ní kó bọ́ sẹ́yìn."

Mo fẹ́ràn àbúrò mi lọ́jọ́ yẹn débi pé ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Ìyàwó wa ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Alága ní, "Ìwọ náà ò bi mí."

"Ẹ̀yin náà ò bi mí," ni obìnrin náà wí. "Gbogbo ayé lẹ bi. Ẹ bi ẹni tó tà á, ẹ bi mẹkáníìkì, ẹ bi dókítà. Mo ṣe bí ohun ìṣeré lẹ rà fún ara yín, tẹ́ ẹ wá ń wọ̀n mí kiri bí oníbàárà." Ó wo ẹnu géètì. "Ọmọkùnrin tó gbé mọ́tò yìí wá lọ́jọ́ kìíní, pákó wo ló tẹ́?"

Alága wà nínú yàrá nígbà yẹn, ó ń wọ aṣọ tó máa fi ya fọ́tò. Èmi wà ní ilé ìdáná. Ìyàwó wa nìkan ló wà ní fàráńdà lórí àga gíga ẹ̀, tó ń rí gbogbo nǹkan. Ó ní ọmọkùnrin náà dúró kó tó dé ibi òkìtì, ó tẹ nǹkan kan nítòsí orúnkún ẹ̀, mọ́tò sì gbé gbogbo ara ẹ̀ nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ dìde. Ó rọra kọjá. Nígbà tó wọlé tán, mọ́tò náà tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní nígbà tí òun há sẹ́nu ilẹ̀kùn, òun rántí, àmọ́ inú ti ń bí òun, òun ní kí wọ́n máa kan pákó lọ. Ẹ wò ó, bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀.

Alága sáré bẹ́ sínú mọ́tò. Bọ́tìnnì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ya mọ́tò kékeré sí i pẹ̀lú ọfà tó kọjú sókè. Ó ní òun ti ń rí i tipẹ́, òun rò pé ìgbà tí táyà bá jò ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò mí kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀, ó sì dìde dúró. Káfíńtà ò gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀ o, ó ti fa téèpù yọ, ó fẹ́ wọn ìjókòó dé ilẹ̀.

"Ẹ gbé téèpù yẹn sílẹ̀," ni ìyàwó wa wí. "Ẹ wá fà mí lọ́wọ́."

Ó kọ́kọ́ fi ìdí wọlé, ó kó ẹsẹ̀ kan, ó kó èkejì. Orúnkún ò há. Ó jókòó, ó wo iwájú, Alága yí lọ sí ìjókòó awakọ̀, ó wo ìyàwó ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gba inú dígí wò ó mọ́. Alága ń sunkún, kò sì fi pamọ́. Ìyàwó wa na tìmùtìmù pupa tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ sí mi láti ojú fèrèsé, ó ní, "Àǹtí wa, ẹ bá mi gbé orogún mi dání." Wọ́n kọjá lórí òkìtì láìtẹ́ pákó, wọ́n yà sójú títì, wọ́n lọ.

Mo ṣì jókòó lórí àga ìyàwó wa, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, tìmùtìmù wà lórí itan mi, nígbà tí ọkùnrin tó fẹ́ ra mọ́tò dé. Ó bi mí ibi tí mọ́tò wà. Mo ní wọ́n ti gbé e jáde. Ó ní kò burú, òun á dúró dè wọ́n, kí wọ́n lè fi gbé òun yípo díẹ̀ kí òun tó sanwó.

Mo ní, "Ẹ máa lọ sílé yín. Ìjókòó méjì péré ló ní, méjèèjì ló sì ti lẹ́ni."